Oúnjẹ tó ń ṣòfò nílé ìṣòwò: ta ni kó ru ẹrù gáàsì rẹ̀?

Láti ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2025, iléeṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nílẹ̀ Ìngílándì kò gbọ́dọ̀ da àjẹkù oúnjẹ pọ̀ mọ́ ìdọ̀tí yòókù mọ́. Dandan ni kó yà á sọ́tọ̀, kí wọ́n sì wá kó o lọ́tọ̀. Ní Wales, irú òfin yìí ti ń ṣiṣẹ́ láti oṣù kẹrin ọdún 2024, ilé iṣẹ́ tí àjẹkù rẹ̀ bá ti ju kílò márùn-ún lọ lọ́sẹ̀ ló sì mú. Ilẹ̀ Faransé sọ yíya àjẹkù sọ́tọ̀ di ti tolórí tẹlẹ́mù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Nígbà tó sì di oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fọwọ́ sí àfojúsùn tó lágbára òfin: oúnjẹ tó ń ṣòfò lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà, àwọn ilé oúnjẹ àti àwọn tó ń jẹun nílé gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 30 nínú 100 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan kí ọdún 2030 tó parí.

Àwọn alásè nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí bá lójijì. Ó bá àwọn onílé náà: àwọn tó ni ilé ọ́fíìsì gogoro, ilé ìtajà ńlá tó kún fún ilé oúnjẹ, hòtẹ́ẹ̀lì, pápákọ̀ òfurufú àti pápá ìṣeré. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń pààrọ̀ gílóòbù láti ọjọ́ tó ti pẹ́, wọ́n ti ra ẹ̀rọ amúlétutù tuntun, wọ́n ti to páànẹ́lì oòrùn sórí òrùlé. Owó iná wọn rọlẹ̀, gáàsì tó ń mú ayé gbóná tó ń tinú ilé wọn jáde náà rọlẹ̀. Àfi bí àwọn báńkì tó ń yá wọn lówó àti àwọn tó ń dókòwò sínú ilé wọn ṣe tún dé pẹ̀lú ìbéèrè mìíràn: gáàsì tó ń jáde níta ńkọ́, nítorí ohun tí àwọn ayálégbé yín ń rà, tí wọ́n ń sè, tí wọ́n sì ń dà nù?

Ẹ jẹ́ ká tò ó bí wọ́n ṣe ń tò ó nínú ìwé ìṣirò. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ lágbàáyé fi ń ka gáàsì tó ń mú ayé gbóná ni GHG Protocol, tí World Resources Institute àti World Business Council for Sustainable Development jọ gbé jáde ní 2001. Ó pín gáàsì sí ọ̀nà mẹ́ta. Scope 1 ni èyí tó ń jáde nínú ilé fúnra rẹ̀: dísẹ́ẹ̀lì inú jẹnẹrétọ̀, gáàsì ìdáná, èyí tó ń jò lára ẹ̀rọ amúlétutù. Scope 2 ni ti iná mànàmáná tí wọ́n rà. Scope 3 ni gbogbo ìyókù, ìyẹn gáàsì tí ẹlòmíràn tú síta nítorí ohun tí ilé náà rà, tó lò tàbí tó dà nù. Nígbà tí ìlànà Scope 3 jáde ní 2011, ìsọ̀rí 15 ni wọ́n pín in sí.

Oúnjẹ tó ṣòfò ò ní ìsọ̀rí tirẹ̀ nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn, ibẹ̀ ni gbọ́nmi-si-omi-ò-to ti bẹ̀rẹ̀. Bí onílé bá ń se oúnjẹ fúnra rẹ̀, bíi hòtẹ́ẹ̀lì, gáàsì tó ti jáde kí oúnjẹ náà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bọ́ sí ìsọ̀rí kìíní, ọjà àti iṣẹ́ tí a rà. Èyí tó jáde lẹ́yìn tí wọ́n da ìyókù nù bọ́ sí ìsọ̀rí karùn-ún, ìdọ̀tí látinú iṣẹ́. Bó bá jẹ́ ayálégbé ló ń sè, ìsọ̀rí kẹtàlá, ti ohun ìní tí a fi yáni, lojú kọ́kọ́ máa ń lọ sí. Ṣùgbọ́n ohun tí ìlànà náà kà sí dandan níbẹ̀ ò ju epo àti iná tí ayálégbé ń lò lọ. Pàǹtí ayálégbé, ẹni tó bá wù ló ń kà á. Nítorí náà, ilé méjì lè fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, kí àjẹkù tó ń jáde nínú wọn dọ́gba, kí ọ̀kan kọ òdo sínú ìwé, kí èkejì kọ ọgbọ̀n tọ́ọ̀nù ó lé, kí ẹnikẹ́ni má sì lè sọ pé ọ̀kan nínú wọn purọ́.

Ohun tó wà nílẹ̀ láti kà ò sì kéré. UNEP, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí àyíká, gbé ìwádìí kan jáde ní 2024. Ohun tí wọ́n rí ni pé oúnjẹ tó tó tọ́ọ̀nù bílíọ̀nù 1.05 ló ṣòfò ní 2022 lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á, àwọn tó ń sè é tà àti àwọn tó ń jẹ ẹ́ nílé. Ìdá 60 nínú 100 jẹ́ ti inú ilé. Ìdá 28 jẹ́ ti ilé oúnjẹ, hòtẹ́ẹ̀lì, kántíìnì àti irú wọn. Ìdá 12 jẹ́ ti àwọn ọlọ́jà. Ẹ ro méjì tó gbẹ̀yìn pọ̀, ó di ìdá 40, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló sì ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ òrùlé tí ẹnì kan ń gbowó lé lórí. Ìwádìí kan náà sọ pé tí a bá ka èyí tó ń ṣòfò láti oko wá mọ́ ọn, oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni ò jẹ ló ń fa ìdá 8 sí 10 nínú 100 gáàsì tó ń mú ayé gbóná. Ti ọkọ̀ òfurufú gbogbo ayé ò tó ìdajì ìyẹn.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí oúnjẹ náà lẹ́yìn tí ọkọ̀ ìdọ̀tí bá gbé e lọ? Lórí àkìtàn ńlá, wọ́n á dà á sílẹ̀, katakata á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n á da iyẹ̀pẹ̀ bò ó, ti ọjọ́ kejì á tún gun orí rẹ̀. Kò ní pẹ́ tí afẹ́fẹ́ ò fi ní ráàyè wọ ibẹ̀ mọ́. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó lè gbé láìsí afẹ́fẹ́ ló kù tí yóò máa jẹ ẹ́, methane ni àwọn yẹn sì ń tú síta. Láàárín ogún ọdún, agbára methane láti mú ayé gbóná tó nǹkan bí ìlọ́po 80 ti carbon dioxide. Tí a bá wò ó láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún, ó sún mọ́ ìlọ́po 27 sí 30. Kì í pẹ́ lójú ọ̀run, bí ọdún méjìlá péré ni. Ìyẹn gan-an ló mú kí àwọn onímọ̀ máa fẹ́ kí wọ́n tètè mú un: ẹni tó bá dín methane kù lónìí, kò ní pẹ́ rárá tí èso rẹ̀ yóò fi hàn.

Igi àti páálí ń pẹ́ lórí àkìtàn kí wọ́n tó jẹrà. Ìrẹsì, ẹ̀fọ́ àti búrẹ́dì kì í pẹ́. EPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ní 2023 pé ìdajì carbon inú oúnjẹ tó bá dé àkìtàn ti máa ń jẹrà láàárín ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ ó lé díẹ̀. Lóòótọ́, wọ́n máa ń ri páìpù sínú àkìtàn láti fa gáàsì náà, ṣùgbọ́n òfin Amẹ́ríkà gba ẹni tó ni àkìtàn láàyè tó lè tó ọdún márùn-ún kí páìpù tó dé ibi tí wọ́n ṣì ń da ìdọ̀tí sí. Kí páìpù tó débẹ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ìṣirò EPA náà ni pé ìdá 61 nínú 100 methane tó ń tinú oúnjẹ jáde lórí àkìtàn ni páìpù ò rí mú, àti pé nínú gbogbo methane tó ń bọ́ kúrò lórí àkìtàn ìlú ní Amẹ́ríkà, oúnjẹ nìkan ló fa ìdá 58, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ ò ju bí ìdá 24 nínú ohun tí wọ́n ń dà síbẹ̀ lọ.

Bí àlàyé bá dúró síbẹ̀, ìwòsàn rẹ̀ á dà bí ohun tó rọrùn: ẹ gbé oúnjẹ kúrò lórí àkìtàn, ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ṣe ajílẹ̀ tàbí sínú àgbá báyógáàsì, ìyẹn àgbá tí wọ́n dé pa tí oúnjẹ ti ń jẹrà di gáàsì tó ṣeé lò, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ọ̀pọ̀ ìròyìn iléeṣẹ́ sì ń parí síbẹ̀. Èmi ò rò pé ó yẹ kó parí síbẹ̀.

Ẹ wo àwo ńlá ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹran màlúù tó ṣẹ́kù ní kántíìnì ọ́fíìsì kan ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Omi tó bo oko ìrẹsì ti jẹ́ kí methane jáde látinú ẹrẹ̀ ibẹ̀. Ajílẹ̀ òyìnbó tí wọ́n dà sóko ti tú nitrous oxide, gáàsì mìíràn tó ń mú ayé gbóná. Màlúù ti gùnfẹ̀ methane ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ọkọ̀ ti rìn, ẹ̀rọ amómitutù ti ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru nítorí ẹran náà, gáàsì ìdáná ti jó lórí ìrẹsì náà. Gbogbo ìwọ̀nyí ti wà lójú ọ̀run kí alásè tó ṣí ìdérí ike ìdọ̀tí. Kò sí àgbá báyógáàsì tó lè dá wọn padà. Nínú ìwádìí tí FAO, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ṣe ní 2013, ẹran ò tó ìdá 5 nínú 100 lára oúnjẹ tó ń ṣòfò lágbàáyé, síbẹ̀ nǹkan bí ìdá 20 gáàsì rẹ̀ ló wà lọ́rùn ẹran. Ike méjì tí ìwọ̀n wọn dọ́gba kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn, bí ọ̀kan bá jẹ́ èèpo ẹ̀fọ́ tí èkejì sì jẹ́ ẹran sísè.

Ẹ wá wo ohun tí ìwé ìṣirò ń ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí. Ìjọba Bìrìtìkó máa ń gbé tábìlì iye gáàsì jáde lọ́dọọdún fún àwọn iléeṣẹ́. Nínú rẹ̀, tọ́ọ̀nù oúnjẹ kan tó lọ sí àkìtàn ń gba nǹkan bí 700 kílò gáàsì sọ́rùn. Tọ́ọ̀nù kan náà, tó bá lọ sínú àgbá báyógáàsì, iye tí wọ́n kọ fún un ò tó kílò mẹ́wàá. Ìdí ni pé gáàsì ọkọ̀ tó gbé e dé ibẹ̀ nìkan ni ìlànà wọn ń kà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àgbá jẹ́ ti ẹni tó ni àgbá àti ẹni tó máa lo gáàsì náà.

Ká ní ilé kan ń da tọ́ọ̀nù kan nù lọ́sẹ̀. Lọ́dún, tọ́ọ̀nù 52 nìyẹn. Bí gbogbo rẹ̀ bá ń lọ sí àkìtàn, ìsọ̀rí karùn-ún nínú ìwé rẹ̀ á gba nǹkan bí tọ́ọ̀nù 36 gáàsì. Bí onílé bá pààrọ̀ akódọ̀tí, tí gbogbo rẹ̀ ń lọ sí àgbá báyógáàsì, iye yẹn á já wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì tọ́ọ̀nù, láìjẹ́ pé síbí ìrẹsì kan ṣoṣo bọ́ lọ́wọ́ ìfiṣòfò. Ilé kejì ńkọ́, tó fi ọdún kan gbáko bá àwọn alásè rẹ̀ ṣiṣẹ́ títí àjẹkù fi dín sí ìdajì, ṣùgbọ́n tí kò sí àgbá báyógáàsì nítòsí rẹ̀? Tọ́ọ̀nù 18 ni ìwé á kọ fún un. Lójú ayé, ilé kejì yìí lè ti dín gáàsì kù ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí tọ́ọ̀nù oúnjẹ 26 ni wọn ò ní láti gbìn, gbé, tọ́jú, kí wọ́n sì sè. Lórí ìwé, àkọ́kọ́ ló gba àmì ẹ̀yẹ. Ẹni tó bá ń fi ìsọ̀rí karùn-ún nìkan ṣe òṣùwọ̀n ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Mi ò sọ pé kí wọ́n fi oúnjẹ sílẹ̀ lórí àkìtàn o. Methane àkìtàn burú, ó sì yẹ kí wọ́n dá a dúró kíákíá. Ohun tí mò ń sọ ni pé nọ́ńbà méjì ló yẹ kó wà nínú ìròyìn ilé kọ̀ọ̀kan: iye gáàsì, àti iye tọ́ọ̀nù oúnjẹ tó jáde, níbikíbi tó wù kó gbà lọ. Bí ti àkọ́kọ́ bá ń já wálẹ̀ tí ìkejì dúró sójú kan, a ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Kí tọ́ọ̀nù yẹn tó lè dín kù, ẹni tó ń dà á nù gbọ́dọ̀ rí ìdí tí yóò fi dín in kù. Nínú ilé tí wọ́n fi yáni, kì í sábà rí i. Onílé ló ń gba akódọ̀tí, yóò wá pín owó rẹ̀ fún àwọn ayálégbé nínú owó ìtọ́jú ilé, gẹ́gẹ́ bí àyè tí oníkálukú gbà ṣe fẹ̀ tó. Ṣọ́ọ̀bù bàtà tó gba 400 mítà onígun mẹ́rin á san ìlọ́po méjì ohun tí ilé oúnjẹ tó gba 200 ń san, nígbà tó jẹ́ páálí nìkan ni ṣọ́ọ̀bù bàtà ń dà nù. Ilé oúnjẹ tó bá fi gbogbo agbára dín àjẹkù rẹ̀ kù, èrè owó ìkódọ̀tí náà á pín káàkiri gbogbo ilé, ohun tó máa kàn án ò ní tó nǹkan. Tí kò bá wá da ara rẹ̀ láàmú, mi ò rí i bá wí.

Ohun tó ń yí èyí padà ò le. Òṣùwọ̀n kan nílẹ̀ yàrá ìdọ̀tí, nọ́ńbà lára ike ayálégbé kọ̀ọ̀kan, ìwé tàbí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kọ ọ́ sí. Lẹ́yìn oṣù bíi mẹ́ta, kí owó ìkódọ̀tí bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ìwọ̀n. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn ìyálégbé nígbà tí wọ́n bá ń tún un ṣe: ayálégbé á máa ya oúnjẹ sọ́tọ̀, onílé á máa fi ìwọ̀n oṣooṣù hàn án, kò sí èyí tó máa fi nọ́ńbà pamọ́ fún èkejì nínú àwọn méjèèjì. Apá tó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì. Láìsí àdéhùn, ọ̀pọ̀ ayálégbé kì í fẹ́ kí onílé mọ iye oúnjẹ tí wọ́n ń dà nù, nítorí wọ́n rò pé ẹni tó bá mọ iye àjẹkù á tibẹ̀ mọ bí ọjà ṣe ń lọ sí, yóò sì fi owó ilé kún un.

Yàrá ìdọ̀tí fúnra rẹ̀ yẹ lóhun tí à ń fara balẹ̀ wò, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ètò tó dára lórí ìwé ti ń kú. Abẹ́ ilẹ̀ ló sábà máa ń wà, iná ibẹ̀ ń ṣẹ́jú, ilẹ̀ ń yọ̀. Ẹni tó ń gbé àpò ìdọ̀tí bọ̀ ní aago mọ́kànlá alẹ́ ti dúró lórí ẹsẹ̀ láti àárọ̀. Bí ike oúnjẹ bá wà lẹ́yìn ike mẹ́rin mìíràn, tí ìdérí rẹ̀ wúwo, tí epo sì ti bo gbogbo ọwọ́ rẹ̀, ike tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù lọ ló máa dà á sí. Kò sí àkọlé ara ògiri tó lè yí ìyẹn padà. Ohun tó ń yí i padà ni kí ike oúnjẹ wà lẹ́nu ọ̀nà gan-an, kó jẹ́ èyí tó kéré tí ènìyàn kan lè yí lọ láìsí ìrànlọ́wọ́, kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí wọ́n ti fọ̀, kí omi ẹ̀rọ àti ibi tí omi ń gbà ṣàn jáde wà níbẹ̀, kí ọkọ̀ sì máa wá kó o kí ìdin tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Àpò ọ̀rá ni ìdààmú tó tẹ̀ lé e. Síbí oníke, ìdérí ife, sítíkà ara èso, gbogbo rẹ̀ ló ń bá oúnjẹ wọ inú ike. Bó bá ti pọ̀ jù, ibi tí wọ́n ń gbé e lọ á dá ọkọ̀ padà, ẹrù náà á wá gba ibi ìdáná sun ìdọ̀tí tàbí àkìtàn lọ, lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti ṣe wàhálà. Àwọn àwo tí wọ́n ń tà pé ó lè jẹrà bí ewé náà ò fi bẹ́ẹ̀ ran ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ni àgbá báyógáàsì kò fẹ́ ẹ, ẹ̀rọ wọn á ṣà á dànù pẹ̀lú ọ̀rá yòókù. Kí onílé tó pàṣẹ fún gbogbo ilé oúnjẹ láti ra irú àwo bẹ́ẹ̀, kó kọ́kọ́ bi ẹni tó ń gba ìdọ̀tí náà.

Nílé ìdáná, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ibi tí oúnjẹ ti ń bọ́ sọnù. Garawa mẹ́ta ló ń fi í hàn: ọ̀kan fún ohun tó bà jẹ́ níbi ìkópamọ́, ọ̀kan fún èyí tí wọ́n gé dànù tàbí tí wọ́n sè tí ẹnikẹ́ni ò bù, ọ̀kan fún ohun tí oníbàárà jẹ kù sínú àwo. Ó máa ń ya àwọn tó ń ṣe é lẹ́nu pé àwo oníbàárà kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ olórí ẹlẹ́ṣẹ̀. Èyí tí wọ́n sè tí kò sẹ́ni tó bù ú máa ń pọ̀, àgàgà níbi tí wọ́n ti ń to oúnjẹ sílẹ̀ kí oníbàárà fúnra rẹ̀ wá bù. Nígbà mìíràn, ìwé àdéhùn ló tún ń pàṣẹ ìfiṣòfò náà: ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tó gba alásè síṣẹ́ ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé gbogbo oríṣi oúnjẹ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ títí di ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á gé lára owó rẹ̀. Alásè tó gbọ́n á se àsèjù. Gbólóhùn kan ni wọ́n ní láti pa rẹ́, kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Onílé ọ́fíìsì tún ní ohun kan lọ́wọ́ tí alásè ò ní: ó mọ iye ènìyàn tó wọlé. Láti ìgbà tí iṣẹ́ àtilé ti wọ́pọ̀, iye òṣìṣẹ́ tó ń wá sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ ẹtì lè kéré jọjọ sí ti ọjọ́ ìṣẹ́gun, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ kántíìnì ṣì ń sè bí ẹni pé ọjọ́ ò yàtọ̀ síra. Káàdì tí wọ́n ń tẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ti ka àwọn ènìyàn náà kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù. Bí nọ́ńbà yẹn nìkan, láìsí orúkọ ẹnikẹ́ni, bá dé ọ̀dọ̀ alásè kó tó gbé ìkòkò kejì kaná, ohun tó máa ṣẹ́kù lọ́sàn-án á yàtọ̀. Ó ń yà mí lẹ́nu pé ilé tó ń ṣe èyí ò tíì wọ́pọ̀.

Àwọn ohun kéékèèké náà ń ṣiṣẹ́. Ní Norway, àwọn olùwádìí gbé àbájáde jáde ní 2013 lórí àwọn hòtẹ́ẹ̀lì tó ń to oúnjẹ sílẹ̀ kí àlejò bù fúnra rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti lo àwo tó kéré, oúnjẹ tó ṣòfò dín ní nǹkan bí ìdá 20 nínú 100. Níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ síwájú àlejò pé kó má ṣojo láti padà wá bù lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dín ní iye tó jọ ìyẹn, inú àwọn àlejò ò sì bà jẹ́ sí i. Ní ti owó, ìwádìí kan tí Champions 12.3, ẹgbẹ́ àwọn aṣáájú tó ń jà fún dídín oúnjẹ tó ń ṣòfò kù lágbàáyé, gbé jáde ní 2017 wo ibi iṣẹ́ 1,200 ti iléeṣẹ́ 700 ní orílẹ̀-èdè 17. Ìdajì wọn ló jèrè ìlọ́po mẹ́rìnlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí owó tí wọ́n fi dín oúnjẹ tó ń ṣòfò kù.

Oúnjẹ tó ṣì dára tó ṣẹ́kù, ènìyàn ló yẹ kó jẹ ẹ́. Láti 2016 ni òfin Faransé ti dá ilé ìtajà tó bá fẹ̀ ju 400 mítà onígun mẹ́rin lọ lẹ́kun pé kó má ṣe ba oúnjẹ tó ṣì ṣeé jẹ jẹ́. Ó gbọ́dọ̀ bá ẹgbẹ́ aláàánú ṣàdéhùn láti kó o fún wọn. Ní California, òfin SB 1383, tóun náà ní kí wọ́n kó oúnjẹ tó ṣì ṣeé jẹ fún ẹni tó máa jẹ ẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ilé ìtajà oúnjẹ ńlá ní 2022. Ní 2024 ó kan hòtẹ́ẹ̀lì tó ní yàrá 200 sókè tí wọ́n ti ń se oúnjẹ, àti ilé oúnjẹ tó ní ìjókòó 250 sókè. Ohun tó sábà máa ń dí ètò yìí lọ́wọ́ ni àyè. Oúnjẹ sísè gbọ́dọ̀ tutù kíákíá kó tó lè dé ọwọ́ ẹlòmíràn láìséwu, ilé oúnjẹ kékeré ò sì ní fíríìjì tó ṣófo. Onílé tó bá fi fíríìjì kan sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ọkọ̀ ti ń jálẹ̀, tí gbogbo ayálégbé lè lò, ti yanjú ohun tí òfin nìkan ò lè yanjú.

Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ tó ń palẹ̀ àjẹkù mọ́ nínú ilé náà ti dé. Ẹ̀rọ kan ń gbẹ oúnjẹ títí ìwọ̀n rẹ̀ á fi dín kù gidi. Ó dára fún yàrá tó há, ṣùgbọ́n iná ló ń jẹ, ohun tó sì ń ṣe nínú ìwé ni pé ó kó gáàsì láti Scope 3 wá sí Scope 2. Òmíràn ń lọ oúnjẹ tàbí sọ ọ́ di omi, á wá dà á sínú gọ́tà. Kò sí mọ́ lójú onílé, kò tíì sí kúrò láyé: ibi tí wọ́n ti ń tún omi ẹ̀gbin ṣe ló lọ, ọ̀rá rẹ̀ sì ń di páìpù lọ́nà. Scotland àti Wales ti fòfin dè é fún ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́, ètò tí EPA sì tún gbé jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 fi ọ̀nà gọ́tà sí ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkìtàn àti dídáná sun ún.

Ṣé òfin nìkan tó? Ìdáhùn tó wà nílẹ̀ ò dùn mọ́ àwọn aṣòfin nínú. Ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn Science ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 wo ìpínlẹ̀ márùn-ún àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tó fòfin de dída oúnjẹ iléeṣẹ́ sórí àkìtàn. Massachusetts nìkan ni ìdọ̀tí tó ń lọ sí àkìtàn ti dín kù lọ́nà tó hàn, nǹkan bí ìdá 7 nínú 100. Òfin ibẹ̀ rọrùn láti lóye, ibi tí wọ́n lè gbé oúnjẹ lọ pọ̀ nítòsí, àwọn olùyẹ̀wò sì ń lọ yẹ ìdọ̀tí wò, wọ́n ń bu owó ìtanràn. Kòríà Gúúsù, tó ti dá oúnjẹ dúró lórí àkìtàn láti 2005, fi kún un ní 2013 pé oníkálukú á máa san iye tó bá dà nù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti òṣùwọ̀n inú yàrá ìdọ̀tí tí mo sọ lókè: ẹni tó dà á nù ló ń rí owó rẹ̀.

Kí onílé tó dáwọ́ lé èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, ó dáa kó mọ ohun kan tó ń bọ̀. IFRS S2, ìlànà àgbáyé fún ìròyìn tí iléeṣẹ́ ń ṣe lórí ojú ọjọ́, tó jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ní kí iléeṣẹ́ máa sọ Scope 3 tiwọn. Òfin SB 253 ti California náà ń bọ̀ wá béèrè rẹ̀ láti 2027 lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ ńlá tó ń pa ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ lọ́dún. Púpọ̀ nínú iye tó wà nínú ìròyìn ọdún àkọ́kọ́ ló jẹ́ ìfojúdíwọ̀n: wọ́n á mú bí ilé ṣe fẹ̀ tó, wọ́n á fi iye kan lù ú, wọ́n á kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ò lè dín kù láé, àfi tí ilé bá kéré sí i. Ọdún tí òṣùwọ̀n bá wọ yàrá ìdọ̀tí, iye tó máa jáde á sábà ju ìfojúdíwọ̀n lọ, nígbà mìíràn á fi púpọ̀ jù ú lọ, ọ̀gá ilé á sì fẹ́ bínú sí ẹni tó ra òṣùwọ̀n. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìròyìn ọdún yẹn kedere pé ọ̀nà ìkà ló yí padà, kí wọ́n fi iye ìfojúdíwọ̀n àtijọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì máa ka ìdínkù láti orí nọ́ńbà tuntun náà lọ.